Ohùn Tó Máa Pè Ọ́ ní Sátidé

Inú ṣọ́ọ̀bù, Ìgándò,
Ọjọ́rú, kí oòrùn tó mú.

Rónkẹ́ mi, Àyọ̀ká, ọmọ tó jọ mí títí dé èékánná ẹsẹ̀,

Ṣé o sùn dáadáa? Ṣé o ti rí ẹni bá ọ tún fáànù yàrá tuntun yẹn ṣe? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní pé o ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun kò ní kó o máa fi búrẹ́dì ṣe oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Ara èmi náà le. Àwọn sípíkà tí mo ń fi háyà wà dáadáa, àfi ńlá kan tí eku lọ bímọ sí nínú. Ìyá eku yẹn ò san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà owó háyà, ó sì ń fi ojú onílé wò mí.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ. Fọ́ọ̀mù tíríì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, má fi bíírò pupa fàlà sí i jàre. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, ohùn ló bà á jẹ́, mi ò sì fẹ́ fi ohùn tún un ṣe.

O pè wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, inú rẹ ń dùn bíi ti ọmọ tó gbégbá orókè. O ní, "Dádì, oṣù kan péré tí mo débẹ̀, wọ́n ti yàn mí!" O ní ní Sátidé yìí, níbi ìpàdé wọ́ọ̀dù wa ní Ìgándò níbí, wọ́n máa pe orúkọ ẹni tó máa dupò kánsẹ́lọ̀, ìwọ lo sì máa dìde lórúkọ àwọn ọ̀dọ́, kó o wí pé, "A gbà." Mo bi ọ́ pé, "Ta ló yàn ọ́, ẹgbẹ́ àbí ilé-iṣẹ́?" O rẹ́rìn-ín. O ní, "Dádì, ṣé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín yẹn ni mi ò tíì rí gbé mì. Òun ló gbé bíírò lé mi lọ́wọ́.

O ò dé ìpàdé yẹn rí, torí mi ò jẹ́ kó o lọ. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ fún ọ. Ní wọ́ọ̀dù wa, a kì í dìbò yan ẹni tó máa dupò. Ohùn ẹni tí à ń pè ní Àgbà ló máa jáde nínú sípíkà, á pe orúkọ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo èèyàn á ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà, àgbàlagbà kan á dìde, á ní, "A gbà." Obìnrin kan á dìde, á ní, "A gbà." Ọ̀dọ́ kan náà á dìde. Bí ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pé, ó parí, ọ̀run ò lè yí i padà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dìde tó sì dákẹ́, ìpàdé tú nìyẹn, orúkọ tí wọ́n pè bàjẹ́, wọn ò sì gbọdọ̀ pè é mọ́. Òfin tí a bá nílẹ̀ ni. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí ẹni tó dákẹ́ rí.

Ìmọ̀ràn pọ̀ nínú mi. Màá gbìyànjú kí n tò wọ́n.

Àkọ́kọ́. Níbikíbi tó o bá dé, wo ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Àgbà Mùdá ni olórí ẹgbẹ́ òṣèlú ní àdúgbò yìí. Ilé rẹ̀ wà létí ọ̀nà tó lọ sí Ìkòtún, igi àgbálùmọ̀ kan wà níwájú rẹ̀, bẹ́ǹṣì gígùn kan sì wà lábẹ́ igi. Ọkùnrin tó dá ilé-iṣẹ́ tó o ti ń ṣiṣẹ́ yìí sílẹ̀, Oníyẹ̀fun là ń pè é nígbà yẹn, orí bẹ́ǹṣì yẹn ló máa ń jókòó. Mo fojú mi rí i. Á ti dé láàárọ̀ kùtù, á gbé fìlà lé orúnkún, á máa nu òógùn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ á yọrí láti ojú fèrèsé, á ní, "Ẹ jókòó síbẹ̀, Àgbà ń jẹun." Wákàtí méjì, Àgbà ṣì ń jẹun! Bí wọ́n bá wá pè é wọlé, á sọ ohun tó fẹ́, Àgbà á ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo rí ọjọ́ tó gba bẹ́ẹ̀ kọ́, tó dọ̀bálẹ̀, tó sì ń dúpẹ́.

Mi ò sọ pé Àgbà Mùdá jẹ́ ańgẹ́lì o. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa bẹ òun. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ẹni tó jókòó àti ẹni tó wà nínú ilé, bí ọ̀rọ̀ bá sì bàjẹ́, a mọ fèrèsé tí a máa lọ dúró sí ká pariwo.

Èkejì. Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún ọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ẹnu ara rẹ̀.

Ìyá rẹ ti sọ fún ọ pé mo máa ń sín èèyàn jẹ nígbà kan. Kò sọ bó ṣe tó. Kò sí ohùn tí mo gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí mi ò lè gbé wọ̀ bí ẹ̀wù. Mo dúró lẹ́yìn ògiri ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo fi ohùn wòlíì wọn sọ pé, "Ẹ dìde! Ẹ fò sókè lẹ́ẹ̀meje!" Odidi ìjọ ń fò, wòlíì fúnra rẹ̀ náà ń fò! Ní ilé ìwé, mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà nígbà tó lọ tọ̀, mo gbé máíkì, mo ní, "Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ọlidé dé, ẹ máa lọ sílé yín." Kí wọ́n tó mọ̀, géètì ti ṣófo. Bí ìwé mi ṣe parí nìyẹn. Tíṣà kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún mi, Tíṣà Bísí, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń gbé báàgì aláwọ̀ ewé. Ó ní, "Ọmọ yìí ò burú, ohùn tiẹ̀ gan-an ni kò tíì rí." Mo rò pé ó ń bú mi ni.

Ìgbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Àgbà Mùdá. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́, ojú rẹ̀ nìkan ló kù tó ń yí. Ìpàdé wọ́ọ̀dù sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí àìsàn tó dé, gbogbo ẹni tó bá wọ ilé rẹ̀ ni Àgbà ń sọ fún pé Tíṣà Bísí lòun máa pè fún kánsẹ́lọ̀, nítorí kò sí ọmọ àdúgbò tí kò kọ́. Ṣùgbọ́n ìsọkúsọ abẹ́ igi nìyẹn. Ohùn orí sípíkà ni òfin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èèyàn méjì wá mi wá síbi tí mo ti ń tún rédíò ṣe. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni, àti Oníyẹ̀fun. Oòrùn mú, Akọ̀wé ló sì di agboòrùn mú lé Oníyẹ̀fun lórí. Rónkẹ́, ká ní mo gbọ́n ni, ibẹ̀ yẹn ni mi ò bá ti sá.

Akọ̀wé ní, "Ìwọ ni wọ́n ní o máa ń ṣe bí èèyàn?"

Mo ní, "Ta lẹ fẹ́, sà? Mo ní wòlíì, mo ní ọlọ́pàá, mo ní ìyàwó yín pàápàá."

"Ẹnu ẹ á pa ọ́. Ṣe Àgbà."

Mo wú ikọ́. Mo ní, "Ẹ jókòó síbẹ̀, mo ń jẹun."

Ọwọ́ Akọ̀wé kúrò lára agboòrùn, ó ṣí fìlà lórí, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣí i. Oníyẹ̀fun bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Lẹ́yìn náà, ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ojú ọ̀nà ilé Àgbà, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn léjìká.

Akọ̀wé ní, "Kì í ṣe irọ́ o. Àgbà mọ ohun tó fẹ́ sọ, ẹnu ni kò sí. Ìwọ kàn máa yá a lẹ́nu ni." Oníyẹ̀fun ní òun máa bá mi wá iṣẹ́ sí ilé rédíò. Mo gbà. Àwàdà ni mo pè é. Mo rò pé màá rí ìtàn pa fáwọn ọ̀rẹ́ mi.

Ọjọ́ ìpàdé pé, ọyẹ́ ń fẹ́, ojú ọ̀run funfun bí ẹni da eérú sí i. Wọ́n fi mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Àgbà, wọ́n fa kọ́tìnì sí mi níwájú, wọ́n fún mi ní máíkì. Ẹ̀yìn mi gan-an ni yàrá tí Àgbà dùbúlẹ̀ sí, wọn ò sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń fi táwẹ́ẹ̀lì nu itọ́ lẹ́nu rẹ̀. Akọ̀wé na ìwé pélébé kan sí mi. Orúkọ máníjà tó ń mójú tó tírélà Oníyẹ̀fun ni mo rí níbẹ̀, kì í ṣe ti Tíṣà. Mo wo Akọ̀wé lójú. Ó ní, "Kà á jàre, ṣé ìwọ lo fẹ́ dupò ni?"

Mo kà á. Lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn Àgbà jáde lẹ́nu mi dáadáa ju bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu Àgbà lọ. Mo gbọ́ tí fìlà ń ṣí níta. Àgbàlagbà dìde, ó ní, "A gbà." Ó wá kan àwọn obìnrin. Kò sẹ́ni tó dìde, nítorí ìyàwó Àgbà ni olórí obìnrin, inú ilé ló wà, lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Èmi aláwàdà wá rò pé kí n gba eré yìí là. Kò sí nínú ìwé tí wọ́n kọ fún mi, orí ara mi ni mo ti mú un. Mo fi ohùn Àgbà pe ìyàwó rẹ̀ pé, "Àbẹ̀kẹ́ mi, ṣé o ò gbọ́ ni? Jáde wá dá mi lóhùn."

Mo gbọ́ lẹ́yìn mi, nínú yàrá: "Sà! Mo ń bọ̀ o, sà."

Ó dìde. Táwẹ́ẹ̀lì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní, ó tẹ̀lé ohùn ọkọ rẹ̀. Ó kọjá lára mi báyìí, aṣọ rẹ̀ kàn mí, kò wò mí, ó gbé kọ́tìnì sókè, ó jáde síta, ó ní, "A gbà."

Mo yíjú padà. Àgbà ti yí orí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi. Kì í ṣe ojú mi ló ń wò, ẹnu mi ni. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń tẹ̀lé ohun tí mo ti sọ, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn mi, bí ọmọ kíláàsì wáǹ tí tíṣà ń kọ́ ní álífábẹ́ẹ̀tì. Ẹnu òun alára ló ń kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Níta, ọ̀dọ́ kan náà ti dìde, ó ní, "A gbà." Tíṣà Bísí gbé báàgì rẹ̀. Mo rí i láti ihò kọ́tìnì. Ó wo kọ́tìnì náà bí tíṣà ṣe ń wo ẹ̀yìn kíláàsì nígbà tó ti mọ ẹni tó ń pariwo. Ó yí padà, ó lọ. Mo gbọ́ pé Ìpájà ló kó lọ. Kò tẹ ilẹ̀ yìí mọ́.

Ilé rédíò kankan ò pè mí. Máníjà tírélà di kánsẹ́lọ̀, kò sì pẹ́ tí pápá ilé ìwé àdúgbò wa fi di ibi tí tírélà ìyẹ̀fun ń sùn. Rónkẹ́, ṣé o rántí pé orí kọ́ńkéré lo ti sáré ìje nígbà tó o wà ní pírámárì, tó o ṣubú, tí eyín rẹ kán? O bi mí nígbà yẹn pé, "Dádì, ṣé ilé ìwé wa ò ní pápá ni?" Mo ní kò ní. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní ń bá. Òkò tí mo sọ lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, eyín rẹ ló bà.

Bẹ́ǹṣì yẹn ńkọ́? Wọ́n gbé e. Bẹ́ǹṣì yẹn gan-an, mo mọ ibi tí mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ mi sí lára rẹ̀. Ọdún kejì, mo kọjá níwájú ilé-iṣẹ́ Oníyẹ̀fun, mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ló jókòó sórí rẹ̀, fìlà lórí orúnkún. Géètìmáànù ń sọ fún wọn pé, "Ẹ ní sùúrù, ọ̀gá ń jẹun."

Ẹ̀kẹta. Bí gbogbo èèyàn bá mọ nǹkan, tí wọ́n sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, má bá wọn ṣe é.

Àgbà Mùdá kú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sin ín, èmi náà bá wọn da yẹ̀pẹ̀. Nígbà tí àsìkò ìpàdé tún tó, mo lọ, mo jókòó sáàárín èèyàn, mo fẹ́ mọ ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀. Ikọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀, gbogbo rẹ̀, nínú sípíkà. Mo fọwọ́ bo ẹnu mi kí n lè mọ̀ dájú pé kì í ṣe èmi. Fìlà ń ṣí káàkiri. Ọkùnrin tó gbẹ́ sàréè rẹ̀ ló jókòó tì mí.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin kọ́ lẹ gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni?"

"Èmi ni."

"Ta ló wá ń sọ̀rọ̀?"

"Àgbà ni."

"Bọ̀ọ̀dá, Àgbà ti kú ṣá!"

Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní, "Ọmọ yìí, fìlà orí ẹ. Ṣí fìlà orí ẹ."

Mo ṣí i, Rónkẹ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ṣí i.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé Akọ̀wé ti fi rekọ́dà sábẹ́ tábìlì lọ́jọ́ tí mo sọ̀rọ̀ yẹn. Kásẹ́ẹ̀tì ni, wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé ohùn, tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di orúkọ mìíràn. Nígbà tí Akọ̀wé fi máa kú, ilé-iṣẹ́ ló ni kásẹ́ẹ̀tì náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti sín ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá wú ikọ́ láàárọ̀, ìgbà mìíràn wà tí ìyá rẹ máa ń yíjú wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó o wà lọ́mọ ọwọ́, bí mo bá ń rẹ̀ ọ́, o máa ń dákẹ́ ẹkún lójijì, wàá máa wo ẹ̀yìn mi, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ohùn ti ń wá. Mo máa ń gbé ọ fún ìyá rẹ.

Ẹ̀kẹrin, tàbí ẹ̀karùn-ún ni, mi ò mọ̀ mọ́. O sọ nǹkan kan fún mi tó o pè ní àwàdà. O ní nínú ọ́fíìsì yín, kọ́bọ́ọ̀dù kan wà tí fìlà ẹgbẹ́ tó wà nílé ìjọba àti ti ẹgbẹ́ alátakò jọ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tò wọ́n bí àwo. O ní ẹnu ọ̀nà iwájú ni àwọn kan ń gbà wọlé, àwọn kejì ń gba ti ẹ̀yìn, àga kan náà sì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. O ní, "Dádì, ẹni yòówù tó bá wọlé, tiwa ni."

Ọmọ mi, Oníyẹ̀fun tó bí ọ̀gá rẹ máa ń yan ẹgbẹ́ kan, á sì gbàdúrà kó wọlé. Nígbà tó yá, ó ń fún méjèèjì lówó, ó sì ń sùn. Ní báyìí, ọmọ rẹ̀ ò fún ẹnikẹ́ni, òun ló ń rán wọn lọ. Mi ò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo lè bi ọ́ ní ìbéèrè kan: bí àwọn tó wọlé bá jẹ́ tiyín, tí àwọn tó kù síta náà jẹ́ tiyín, ta ló kù tó jẹ́ tiwa?

Mo ti ń bọ̀ wá síbi tó ń dùn mí.

Ní àná, ọmọkùnrin méjì wá háyà sípíkà fún ìpàdé Sátidé. Wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n fi káàdì ilé-iṣẹ́ kọ́ ọrùn. Wọn ò mọ̀ pé èmi ni bàbá rẹ. Ọ̀kan ní kí n jẹ́ káwọn dán ẹ̀rọ wò. Ó so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́.

Ikọ́ yẹn ló kọ́kọ́ jáde.

Rónkẹ́, èmi ni mo wà nínú sípíkà yẹn, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, lẹ́yìn kọ́tìnì. Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo ń pè, mi ò pè é rí. Orúkọ ọmọkùnrin kan ni mo ń pè, ẹni tí wọn ò tíì bí nígbà tí Àgbà kú. Mo bi wọ́n bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, kọ̀ǹpútà ni. Orúkọ yòówù tẹ́ ẹ bá fẹ́ là ń fi bọ̀ ọ́ lẹ́nu." Kò tíì pa á. Ohùn náà ń lọ. Ó dé ibi tí mo ti fi kún un láti orí ara mi, mo ń retí kó pe Àbẹ̀kẹ́.

Ó ní, "Rónkẹ́ mi, ṣé o ò gbọ́ ni? Jáde wá dá mi lóhùn."

Ọdún tí mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò tíì mọ ìyá rẹ.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ sọ́dọ̀ ìyàwó Àgbà, Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ilé kan náà ló ṣì wà, ó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú eruku, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé á fi atẹ ẹ̀wà náà lù mí.

Ó ní, "Dìde, o máa ba aṣọ ẹ jẹ́. Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo, mà?"

"Láti ọjọ́ náà ni. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ mi títí mo fi bí àbígbẹ̀yìn, kò pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ mi lójú èèyàn rí. 'Ìyá wọn' ló ń pè mí. Ìyá wọn, omi dà? Ìyá wọn, fìlà mi dà?"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi dáhùn, mà?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kó pè mí bẹ́ẹ̀ ni."

Mo wá ṣàlàyé fún un pé orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ohùn náà mọ́, ti ọmọ mi ni wọ́n fi síbẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ti yọ tèmi?" Mo fi Ọlọ́run búra fún ọ, Rónkẹ́, ó dùn ún. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, ó mọ̀ pé èmi ni, ó sì dùn ún pé kò ní pe òun mọ́.

Ìmọ̀ràn tí mo lọ gbà wá fún ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ju gbogbo èyí tí mo ti ń kọ bọ̀ lọ. Àwọn èèyàn yìí kì í fi ipá mú ẹni. Wọ́n á wá orúkọ tó ti ń wù ọ́ kí wọ́n fi pè ọ́, wọ́n á fi pè ọ́, ìwọ fúnra rẹ lo máa gbé ẹsẹ̀. Mo mọ tìẹ. Láti kékeré ló ti ń wù ọ́ kí wọ́n yàn ọ́. Nígbà tó o sọ ọ́ lórí fóònù, "Dádì, wọ́n ti yàn mí," ohùn rẹ gbọ̀n. Wọn ò purọ́, wọ́n yàn ọ́ lóòótọ́.

Mo ti ronú ohun tí a lè ṣe. Bí mo bá fa wáyà yọ, wọ́n á ní iná ló lọ, wọ́n á gbé jẹnẹrétọ̀. Bí mo bá kọ̀ láti háyà sípíkà fún wọn, ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà ní Ìdímù. Bó o bá ní o ṣàìsàn, wọ́n á mú ọmọ ẹlòmíràn, wọ́n á fi orúkọ tiẹ̀ bọ ohùn náà lẹ́nu kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ní òun máa gbìyànjú láti dákẹ́ bó bá kan àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n kò dá ara rẹ̀ lójú, èmi náà ò dá a lẹ́bi. Ẹni tó bá dìde lójú gbogbo èèyàn, tó dúró, tí wọ́n pè é, tó sì dákẹ́, òun nìkan ló lè tú ìpàdé yẹn ká.

Mi ò ní tàn ọ́ jẹ. Iṣẹ́ yẹn á lọ. Ó ṣeé ṣe kí ilé tí wọ́n fún ọ náà lọ. Ìyá rẹ ní yàrá rẹ ṣì wà bó o ṣe fi í sílẹ̀, pé aṣọ òun ló kàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn aládùúgbò á ní a ti ya wèrè. Bó o bá sì rò ó tó o ní o ò lè ṣe é, ọmọ mi ṣì ni ọ́, ẹni tó ṣí fìlà fún òkú ò lè bínú sí ọ.

Èmi ni màá dúró ti ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Màá yí ohùn náà sókè kó ròkè dáadáa, kí gbogbo Ìgándò gbọ́ ọ, kí wọ́n lè gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, màá gba máíkì, màá sọ ohun tí mo kọ sínú ìwé yìí, ní ohùn ara mi, bí mo bá ṣì rí i.

Ó máa le fún ọ, mo mọ̀. Nígbà tó bá pè ọ́, ara rẹ máa fẹ́ dáhùn kí ọkàn rẹ tó mọ̀, nítorí ohùn bàbá rẹ ni lábẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo fi kọ́ ọ láti ìgbà tó o ti ń rá pé bí mo bá pè, kó o dáhùn kíá. Mo ti nà ọ́ rí nítorí pé o ò tètè dáhùn.

Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré, Àyọ̀ká. Bí mo bá pè ọ́, má dá mi lóhùn.

Bàbá rẹ.